Ọ̀RỌ̀ ÌTẸ̀LÉRA: ÀGBÉYẸ̀WÒ BÍ A ṢE Ń FI INÁ ONÍFÉÈSÌ MẸ́TA HAN AKẸ́KỌ̀Ọ́ NÍNÚ YÀRÁ ÀYẸ̀WÒ FÍSÍÌSÌ

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ bá so wáyà iná oníféèsì mẹ́ta mọ́ mọ́tọ̀, tí mọ́tọ̀ náà ń yí sí ọ̀tún, tí ó wá pa iná, tí ó mú wáyà méjì péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó fi èkínní sí ipò èkejì, tí ó sì tún tan iná, òsì ni mọ́tọ̀ náà yóò máa yí sí. Bí ó bá ti fi mítà wọn fólítéèjì kí ó tó pààrọ̀ wọn, fólítì 240 ni yóò kà láàárín wáyà kọ̀ọ̀kan àti nútírà, 415 ni yóò sì kà láàárín wáyà méjì yòówù. Lẹ́yìn tí ó bá pààrọ̀ wọn tán, iye kan náà ni yóò tún kà. Kò sí ohun tí ó yí padà lójú mítà, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tọ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro láti sọ. Iná oníféèsì mẹ́ta kì í ṣe iná mẹ́ta tí a kó jọ sójú kan. Ìṣàn alálọbọ̀ mẹ́ta ni, tí agbára wọn dọ́gba, tí ìyára wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n tí wọn kì í dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èkínní bá dé góńgó, èkejì yóò dé tirẹ̀ nígbà tí ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò ìyípo bá kọjá. Ẹ̀kẹta yóò dé lẹ́yìn ìdá kan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni yóò tún kan èkínní. Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlàfo tí ó wà láàárín góńgó féèsì kan àti ti èyí tí ó tẹ̀ lé e kò ju ìdá kan nínú 150 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ojú ènìyàn kò lè rí i. Mítà tí ń ka iye kò sì lè rí i, nítorí pé a kò ṣe é fún un. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìfihàn kọ̀ọ̀kan nínú yàrá àyẹ̀wò, nígbà náà, ni pé: ǹjẹ́ ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ìtẹ̀léra, àbí iye nìkan ni ó fi hàn án? Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo yìí ni iṣẹ́ yìí fi wọn gbogbo wọn.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn

Ìtàn ìfihàn yìí pẹ́ ju iná oníféèsì fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1824, François Arago ní ìlú Paris fi hàn pé bí a bá ń yí àwo bàbà lábẹ́ abẹ́rẹ́ òòfà tí a so rọ̀, abẹ́rẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwo, bẹ́ẹ̀ sì ni òòfà kì í fa bàbà. Ọ̀rọ̀ náà di àdììtú títí di ọdún 1831 tí Michael Faraday fi ṣe àwárí pé òòfà tí ń yí ipò padà a máa bí ìṣàn iná sínú bàbà, àti pé ìṣàn yìí ni ó sọ bàbà náà di òòfà fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tí ó yí ìdánwò Arago padà sí ohun tí ó kan kókó iṣẹ́ yìí ni Walter Baily. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1879, níwájú Ẹgbẹ́ Físíìsì ti Lọ́ńdọ̀nù, ó mú kí àwo bàbà yí lórí irin òòfà oníná mẹ́rin tí kò kúrò lójú kan. Bátìrì ni ó fún wọn ní iná. Ọwọ́ ni ó sì fi ń yí ohun tí ń pín iná náà fún wọn, tí ó ń gbà á lọ́wọ́ èyí, tí ó ń gbé e fún ìyẹn, ní ẹsẹẹsẹ. Kò sí irin kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó mira, ṣùgbọ́n ipò òòfà ń lọ yíká láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, àwo bàbà sì ń tẹ̀ lé e. Ohun ìṣeré kékeré ni, àwọn tí ó wá lẹ́yìn sì gbàgbé rẹ̀ kíákíá. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, kò sí èyí tí ó ṣe òótọ́ tó o nínú gbogbo àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni a fi ń yí i. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, ìtẹ̀léra náà a falẹ̀; bí ọwọ́ bá yí padà, ìtẹ̀léra a yí padà, àwo bàbà náà a sì yí padà. Ẹni tí ó bá ń wò ó lè fi ìka tọ́ka sí irin tí ó kàn.

Galileo Ferraris ní ìlú Turin lọ síwájú ju Baily lọ ní ọdún 1885: ó lo ìṣàn alálọbọ̀ méjì tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, ó sì gbé kọ́ìlì wọn dábùú ara wọn, tí bàbà tí a ká bí agolo fi ń yí láàárín wọn láìsí ọwọ́ kankan tí ń pín iná. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1888 ni ó tó gbé e síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú rẹ̀. Nínú ìwé kan náà ni ó ti sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè wúlò fún iṣẹ́ ńlá, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò rẹ̀, ìdajì agbára tí ó ń jẹ yóò ṣòfò. Ìṣirò náà kò kù síbì kan. Ibi tí ó ti gbé e kalẹ̀ ni kò tọ́: ó wo ẹ̀rọ náà níbi tí agbára tí ń jáde láti inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò wò ó níbi tí mọ́tọ̀ ti sábà ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ohun tí ń yí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òòfà tí ó ń lé dọ́gba. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún ẹni tí ó bá ń fi agolo alumíníọ̀mù ṣe ìfihàn lónìí. Agolo náà ń yí, ṣùgbọ́n bí ó ti jìnnà tó sí ìyára òòfà tí ó ń lé ni ọ̀rọ̀ gan-an, a kì í sì í wọ̀n ọ́n.

Ti Nikola Tesla ni gbogbo ayé mọ̀. Ó gba ìwé àṣẹ lórí àwọn mọ́tọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1888, ó sì ṣàlàyé wọn níwájú àwọn onímọ̀ iná ní New York ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Ní ibi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Chicago ní ọdún 1893, ó gbé ẹyin bàbà kan sórí àwo tí kọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a tan iná, ẹyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí eré rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni ó dìde nàró lórí ṣóńṣó rẹ̀. Ẹyin Columbus ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, nítorí ìtàn tí wọ́n máa ń pa nípa Columbus tí ó fọ́ ìdí ẹyin kí ó lè dúró. Ẹwà ìfihàn yìí kò ṣe é jiyàn lé lórí. Ẹ̀wẹ̀, ẹwà rẹ̀ ni àbùkù rẹ̀. Ẹni tí ó wò ó rí ẹyin tí ó dìde. Kò rí ohun tí ó gbé e dìde. Ìdìde náà fúnra rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ féèsì, ìwà ohun tí ń sáré yí bí òkòtó ni. Ohun méjì ni a dì papọ̀ sínú ẹyin kan, èyí tí ó yani lẹ́nu jù sì ni èyí tí kò kan ẹ̀kọ́. Òṣèré ńlá ni Tesla. Ìran ni ó pèsè, àwọn ènìyàn sì wò ó bí ìran.

Ti Frankfurt ní ọdún 1891 yàtọ̀. Ibẹ̀ ni iná oníféèsì mẹ́ta tí Dolivo-Dobrovolsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ti rin kìlómítà 175 láti Lauffen, tí ó tan nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan gílóòbù, tí ó sì yí mọ́tọ̀ tí ń fa omi fún ìtàkìtì omi àtọwọ́dá. Àwọn onílé-iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ yí lọ́kàn padà, ọkàn wọn sì yí padà. Kò yẹ kí a fi òṣùwọ̀n yàrá ẹ̀kọ́ wọ̀n ọ́n.

Ohun tí yàrá àyẹ̀wò ń ṣe lónìí

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ yàrá àyẹ̀wò ní ilẹ̀ Yorùbá kì í wọ ibẹ̀ lófìfo. Ó ti mọ féèsì láti ilé. Ó mọ̀ pé iná lè wà ní féèsì kan kí ó má sí ní èkejì, pé ẹni tí iná rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì lè yí sí féèsì mìíràn, pé aládùúgbò lè ní iná kí òun má ní. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi kọ́ ọ ni pé féèsì jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta tí kò mọ ara wọn, bí odò mẹ́ta tí ọ̀kan lè gbẹ kí èkejì máa ṣàn. Olùkọ́ tí ó bá fi mítà mẹ́ta ka 240, 240, 240 fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò fi kún ìmọ̀ rẹ̀. Ńṣe ni ó bá a fi òǹtẹ̀ lu èrò tí ó gbé wá láti ilé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìfihàn onímítà yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, nítorí pé ìdánwò fẹ́ràn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pín 415 sí 240, yóò rí 1.73, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbòǹgbò 3 ni, yóò sì gba máàkì. Ibi tí gbòǹgbò 3 náà ti wá, èyíinì ni pé góńgó méjì tí kò dé lẹ́ẹ̀kan náà kò lè fi ara wọn di ìlọ́po méjì, kò hàn nínú mítà rárá.

Ẹ̀rọ oscilloscope sàn ju èyí lọ, nítorí pé ó ń ya ìlà onígbì sójú gíláàsì, ó sì ń fi àkókò hàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà méjì péré ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí ó wà nínú yàrá ẹ̀kọ́ ní. Féèsì méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí, a ó ní kí ó fi ọkàn yàwòrán ẹ̀kẹta. Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí ẹ̀rọ yìí sábà máa ń so mọ́ ilẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ tí ó so mọ́ ilẹ̀ náà kan féèsì ti fún iná ní ọ̀nà tààrà láti bú gbàù. Tìráńsífọ́mà tí ó rẹ fólítéèjì sílẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ìhà ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan ìhà iná ìlú, ni a gbọ́dọ̀ gbé sáàárín. Àbùkù tí ó jinlẹ̀ jù ni pé àwòrán ni ó ń fi kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ya ìlà onígbì mẹ́ta láìṣìṣe sórí pátákó pọ̀. Bí a bá bi í pé èwo nínú àwọn ìlà náà ni ó wà nínú wáyà pupa, èwo ni ó wà nínú ti yẹ́lò, ẹnu rẹ̀ a wọ́. Ìlà náà ti di ohun tí ó dá dúró fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni pé kí a padà sí ọwọ́ Baily. Kí a gbé kọ́ìlì mẹ́ta yí àyíká kan ká, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ dígírì 120. Kí òòfà kan wà láàárín tí a fi ọwọ́ ń yí. Kí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan so mọ́ mítà alábẹ́rẹ́ tí òdo rẹ̀ wà láàárín, tí abẹ́rẹ́ náà lè lọ sí ọ̀tún kí ó sì lọ sí òsì. Bí a bá yí òòfà náà pẹ̀lẹ́, abẹ́rẹ́ mẹ́ta yóò máa jó ní ẹsẹẹsẹ, tí ọ̀kan yóò máa ṣubú nígbà tí èkejì ń gòkè. Ìṣòro kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́: bí òòfà bá ti ń falẹ̀ tó ni fólítéèjì ń kéré tó, nítorí náà wáyà kọ́ìlì gbọ́dọ̀ pọ̀, mítà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí nǹkan kékeré ń mì. Àwọn kan a máa fi gílóòbù LED rọ́pò mítà nítorí pé ó dùn ún wò. Kì í tàn bí ọwọ́ bá falẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni ó ń gba iná láyè. Bí kò bá jẹ́ méjì aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a dojú ọ̀kan kọ èkejì, ìlọ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí, kò ní rí ìbọ̀.

Odó kan, ọmọ odó mẹ́ta

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ran ìfihàn lọ́wọ́ kò ní láti lọ yá àwòrán níbòmíràn. Méjì ni ó wà nítòsí, ọ̀kan kò sì dára tó èkejì. Èyí tí kò dára tó ni ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ọwọ́ kan ń lọ sókè, ọwọ́ kejì ń lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ iná. Ó dà bí ẹni pé féèsì méjì ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan wà lókè pátápátá ni èkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn méjèèjì ń dúró lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣàn alálọbọ̀ kan ṣoṣo ni ẹwìrì jẹ́, pẹ̀lú àkókò kékeré láàárín tí kò sí ẹni tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Òun náà ni ó ń jẹ́ kí mọ́tọ̀ oníféèsì kan nílò ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́ kí ó tó gbéra.

Èkejì ni àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gún iyán nínú odó kan. Kí ọmọ odó kan tó kúrò nínú iyán, òmíràn ti ń bọ̀. Iyán kò ní ìsinmi, odó kò sì ní àsìkò tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agbára tí iná oníféèsì mẹ́ta ń gbé fún mọ́tọ̀ ṣe ń wà ní déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo dé òpin rẹ̀. Àwòrán yìí tún ní ọrọ̀ mìíràn. Bí méjì nínú àwọn tí ń gún un bá gba àkókò ara wọn, ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri tí ó ń gbọ́ ìró odó kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ìró náà kan náà ni. Ẹni tí ó bá dúró tì wọ́n tí ó ń wo ọwọ́ wọn ni yóò rí i pé ọ̀tún ni ìgún náà ń gbà yí odó ká tẹ́lẹ̀, òsì ni ó ń gbà báyìí. Mítà ni ẹni ẹ̀yìn ògiri. Mọ́tọ̀ ni ẹni tí ó dúró ti odó.

Ibi tí àwòrán yìí kù sí kò fara sin: ọmọ odó kì í gún iyán nígbà tí ó bá ń lọ sókè, ṣùgbọ́n ìṣàn alálọbọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní àlọ, ó ń ṣiṣẹ́ ní àbọ̀. Ó sàn kí olùkọ́ sọ èyí ju kí ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wọlé síbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe féèsì ní ìpele kò ṣe oore. Ìpele ni ohun tí ó wà lórí ara wọn tàbí tí a ń gùn láti ọ̀kan dé èkejì. Ohun tí ó ga àti ohun tí ó rẹlẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì sí féèsì tí ó ga ju èkejì lọ. Féèsì tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é tọ́, ó sì ti di ti Yorùbá. Bí a bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀, ìtẹ̀léra ni kí a fi ṣàlàyé rẹ̀.

Wáyà tí kò gbé nǹkan

Bí a bá so orí kan kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan, tí a sì fi wáyà kan dá gbogbo ìṣàn padà síbẹ̀, wáyà yẹn ni nútírà. Kí a fi mítà alábẹ́rẹ́ kẹrin sí i lára. Nígbà tí abẹ́rẹ́ mẹ́ta ń jó, tí ẹrù wọn dọ́gba, ẹ̀kẹrin yóò dúró sójú òdo. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi han akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tí ó tó abẹ́rẹ́ tí kò mira yìí. Nígbà tí ọ̀kan wà ní góńgó àlọ, ìdajì ìdajì ni méjì yòókù gbé ní àbọ̀. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. A lè yọ wáyà nútírà náà kúrò pátápátá, kò sì ní sí ohun tí yóò yí padà. Ṣùgbọ́n kí a yọ ẹrù orí féèsì kan, nígbà tí nútírà wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ kẹrin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, yóò sì máa bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìfihàn ni ó ń parí síbi tí nútírà ti dà bí ohun tí kò wúlò. Àléébù tí ó burú nìyẹn, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sílé. Ní àdúgbò, ẹrù orí féèsì mẹ́ta kì í dọ́gba. Ilé kan ń lo ìyàrá-tútù, ilé kejì ń lo gílóòbù méjì. Bí nútírà bá já lórí òpó, àwọn ilé tí ó wà lórí féèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò bá ara wọn nínú ìlà kan, tí fólítì 415 yóò sì pín láàárín wọn, kì í ṣe ní dọ́gbadọ́gba. Ilé tí ẹrù rẹ̀ kéré ni fólítéèjì yóò ga sí, nǹkan tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì jó. Ìyàrá-tútù àti gílóòbù kò tíì jó nítorí pé iná pọ̀ láti ibi tí ó ti ń bọ̀. Ọ̀nà àbọ̀ ni ó sọnù.

A lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ láìséwu. Kí tìráńsífọ́mà rẹ féèsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sí fólítì 12, èyí tí yóò jẹ́ nǹkan bí 21 láàárín féèsì méjì. Kí a ra gílóòbù ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀: kí oníwáàtì 5 wà lórí féèsì kan, kí oníwáàtì 21 wà lórí èkejì, kí ẹ̀kẹta ṣófo. Pẹ̀lú nútírà, àwọn méjèèjì yóò tàn bí ó ti yẹ. Kí a yọ nútírà: bí ìdènà wọn kò bá yí padà, nǹkan bí fólítì 17 yóò já lé oníwáàtì 5, 4 ni yóò kù fún oníwáàtì 21. Ní tòótọ́, àìdọ́gba náà a máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìdènà wáyà tí ó gbóná ga ju ti èyí tí ó tutù lọ. Kékeré yóò tàn rokoṣo, ńlá yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kí ó má tàn rárá. Kí a bi akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú pé èwo ni yóò mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé èyí tí ó tóbi ni.

Ohun kan kù tí àwọn ìwé àtijọ́ kò ní ìdí láti sọ. Kọ̀ǹpútà àti ọ̀pọ̀ gílóòbù LED kì í fa iná ní ìlà onígbì tí ó mọ́. Ní kéékèèké ni wọ́n ń já a gbà. Nínú ohun tí wọ́n fi ń da ìṣàn rú ni èyí tí ìyára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ìgbà 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé àlàfo àárín féèsì méjì jẹ́ ìdá kan nínú 150, ìṣàn oní-150 yìí ń dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà lórí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú nútírà, ńṣe ni ó ń kún ara rẹ̀. Nínú ilé ńlá tí ó kún fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀, nútírà lè gbóná nígbà tí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ìfihàn tí ó bá dúró sórí abẹ́rẹ́ tí kò mira kò tíì dé ibẹ̀.